Àgbàdo Tí Ó Pa Ẹgbọ̀rọ̀ Màlúù Wa

Ìyá kan tí ó wá gba egbòogi àyà títa ní dìsípẹ́ńsárì wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá bi mí pé: "Nọ́ọ̀sì, ṣé a lè fún màlúù ní irú sódà tí ẹ ń fún wa yìí?" Ọkọ rẹ̀ ń fi àgbàdo bọ́ ẹgbọ̀rọ̀ màlúù méjì lẹ́yìnkùlé. Mo ní kí ó jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe mí rí.

Nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò mi ku oṣù mẹ́ta, a ra ẹgbọ̀rọ̀ méjì tí kò mọ oúnjẹ mìíràn ju koríko lọ. Èmi tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ní kí wọ́n da àgbàdo lílọ̀ fún wọn ní àjẹyó, kí wọ́n lè tètè sanra. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́. Ikùn rẹ̀ wú, ó ń payín keke, ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn bí omi, ó sì ń rùn kíkan. Ní ọjọ́ kẹta ó kú. Kí a tó sin ín (ẹran tí àìsàn pa kì í ṣe ti ìkòkò ọbẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dùn wá tó), dókítà ẹran la ṣàkì rẹ̀. Òórùn ògì ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ó kọlù wá.

Òun ni ó là mí lọ́yẹ. Inú ṣàkì ni àwọn kòkòrò àìrí tí ń bá màlúù da oúnjẹ wà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń da koríko. Ṣùgbọ́n àgbàdo, pàápàá èyí tí a lọ̀, kíá ni ó ń kan, gẹ́gẹ́ bí ògì tí ẹ ń rẹ. Itọ́ ni ẹ̀rọ̀ kíkan náà: màlúù àgbà lè dá itọ́ tí ó ju 100 lítà lọ lójúmọ́, èròjà inú sódà yẹn gan-an sì wà nínú rẹ̀. Àpọ̀jẹ ní ń mú itọ́ wá, koríko ní ń mú àpọ̀jẹ wá.

Nítorí náà, sódà ń ṣiṣẹ́. Sodium bicarbonate ni orúkọ rẹ̀: nǹkan bí gíráàmù 10 nínú kílò oúnjẹ gbígbẹ kọ̀ọ̀kan, kí a pò ó dáadáa, kí omi mímu má sì wọ́n wọn. Kì í ṣe sódà ọṣẹ o! Ìyẹn a máa bó ọ̀fun. Kánún tí àwọn dàrandàran ń fún ẹran lá jẹ́ ẹbí rẹ̀, àmọ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kì í dọ́gba, n kò sì ní fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n sódà kò lè rọ́pò koríko. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni kí àgbàdo fi máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò má sì kúrò níwájú ẹran. Èyí tí ó bá ti dùbúlẹ̀, dókítà ẹran ni kí ẹ sáré pè.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bọ́ èkejì tiwa títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní ti ọkọ ìyá yẹn, òun fúnra rẹ̀ wá bá mi ní ọjọ́ Ẹtì. Àgbàdo nìkan ni ó ti ń fún wọn láti ìjẹrin. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ó fi gbéra, ó ní òun ń lọ wá koríko.