Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti burukutu: èwo ló dùn jù?

Ọtí ìbílẹ̀ méjì la tọ́ wò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àgbàdo ni wọ́n fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sè é. Híhù yìí ló ń sọ àgbàdo di dídùn. Ìwúkàrà ló wá ń sọ adùn náà di ọtí. Burukutu, ọtí ọkà bàbà àwọn ará Òkè Ọya, ki jù ú lọ, ó sì kan gan-an. Lójú tiwa, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló borí. Àmọ́ kì í pẹ́ kan, ẹ mu ún ní tútù. Bí àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n pọn kò bá kọ́ ọmọ wọn, adùn yìí yóò bá wọn lọ ni.