Nọ́ńbà Dẹ́rẹ́bà Dà?

Aṣọ ni mo lọ rà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, mi ò lọ wá ìròyìn. Òjò ló ká mi mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kan, níbi tí ọmọbìnrin kan ti jókòó lórí àpótí, tó ń di ẹrù. Orí fóònù ló ti ń ta ọjà tirẹ̀, kò ní pátákó kankan níta. Àdìrẹ yáàdì márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè sùn dáadáa, ó fi pépà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e. Ó lẹ sítíkà tó ní orúkọ ọjà rẹ̀ mọ́ ọn, ó ki káàdì ìdúpẹ́ kékeré kan bọ̀ ọ́ láàárín, ó sì fín lọ́fínńdà lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó wá kó o sínú ọ̀rá, ó fi sẹ́lótéèpù dí i, ó ya fọ́tò rẹ̀.

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ti ń wò ó láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ń dì í fún ojú. Ọ̀nà làwa ń dì í fún.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lọ nígbà tí òjò dá.

Obì ni ìyá màmá yìí tà nígbà ayé rẹ̀, ní Agége, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí Kánò láìbá a lọ. Inú agbọ̀n ni wọ́n ń dì í sí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n kó nípọn, wọ́n á da gbànja lé e, wọ́n á tún fi ewé bò ó, wọ́n á sì fi okùn rán ẹnu rẹ̀ pa. Ewé yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Bó bá tín-ín-rín jù, obì á gbẹ, á rọ, kò ní wúlò mọ́. Bí omi bá pọ̀ jù níbẹ̀, á jẹrà kó tó dé Kánò. Màmá ní àkísà pupa ni ìyá òun máa ń so mọ́ etí agbọ̀n tirẹ̀, kí ẹni tó máa gbà á lọ́hùn-ún lè mọ̀ ọ́n láàárín ọgọ́rùn-ún agbọ̀n, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀wé.

Ìtàn ọ̀nà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gbà, bó ṣe wà nínú ìwé, kò gùn: ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ọkọ̀ ń ti Èkó dé Kánò ní 1912, lẹ́yìn náà ni lọ́rì dé tó gba ẹrù lọ́wọ́ rélùweè. Ohun tí màmá ń sọ ni pé inú rélùweè yẹn la ti bí wébíìlì, ìyẹn ká fi ẹrù rán dẹ́rẹ́bà láìbá a lọ. Ó ní akọ̀wé téṣàn ló ń kọ pépà fún ẹni tó bá kó ẹrù wá, pépà yẹn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mú un wá ló máa gba ẹrù.

Mo bá ọmọbìnrin náà dé gáréèjì Kútọ̀, torí ibẹ̀ ló ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá kan tó ti fi iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà sílẹ̀, àmọ́ tí kò fi gáréèjì sílẹ̀. Bí mo ṣe mẹ́nu ba rélùweè, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Pépà ni ti rélùweè. Wébíìlì tiwa, ẹnu ni.”

Gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, àwọn ìyá tó ní ọmọ nílé ìwé ló bí i. Ìbàdàn ti ní yunifásítì láti 1948, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ebi sì ń pa àwọn ọmọ níbẹ̀. Ìyá kì í lè máa wọkọ̀ lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà á gbé gàrí àti ata díndín wá sí gáréèjì, á ní, “Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún ọmọ mi.”

Bàbá ní ìyá kan gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún òun lọ́jọ́ kan. Àpèjúwe tó ṣe ni pé ọmọ òun dúdú, ó ga, abẹ́ igi tó wà ní gáréèjì ni yóò ti dúró. Nígbà tí ọkọ̀ dé Ìbàdàn, ọmọkùnrin mẹ́ta ló wà lábẹ́ igi náà, gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn ga. Ó béèrè pé ta ni ìyá rẹ̀ fi ẹrù rán òun sí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde! Ó rò ó, ó ní kí kálukú sọ oríkì tí ìyá rẹ̀ ń fi pè é. Ọ̀kan ní, “Àkànní.” Kò tíì pa ẹnu dé tí ìkejì fi ní Àkànní lòun náà. Ẹ̀kẹta ronú díẹ̀, ó ní Àkànní. Bàbá ní òun fẹ́ padà sínú ọkọ̀ kí òun sì gbé ẹrù náà relé, ni òun bá tún béèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní owó ni. Ìkejì ní ẹran ni. Ẹ̀kẹta ní, “Gàrí ni, pẹ̀lú ata díndín tí kò níyọ̀. Màmá mi kì í rántí iyọ̀.” Bàbá tú u wò, ó fi ìka tọ́ ata náà lá. Kò níyọ̀.

“Ṣé pépà rélùweè lè ṣe ìyẹn?” ló fi bi mí.

Mo gbé èsì yìí padà fún màmá n'Ìtòkú. Ó ní kí n bi bàbá náà pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ láti máa gba owó lórí ẹrù, tí kò bá ṣe ọ̀dọ̀ akọ̀wé téṣàn. Èmi rò pé orúkọ náà ló ti rélùweè wá, pé àwọn ìyá ló ni àṣà náà. Ọ̀rọ̀ mi yìí kò dùn mọ́ ìkankan nínú àwọn méjèèjì nínú.

Ohun tó wá gbé wébíìlì dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kò fara sin. Fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, dẹ́rẹ́bà di ẹni tí a lè pè lójú ọ̀nà. Facebook àti WhatsApp tẹ̀ lé e. Nígbà tó di òpin oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìjọba kéde pé kí wọ́n ti Èkó, Ògùn àti Abùjá pa nítorí kòrónà, ẹni tó ní àdìrẹ nílẹ̀ kò rí oníbàárà fojú rí mọ́ àfi lórí fóònù. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni wọ́n tó gbà kí ọkọ̀ máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. L'Ékòó, wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ títì láti oṣù kejì, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò bá yí sí gbígbé ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé dẹ́rẹ́bà ló ń gbé e dé gáréèjì, ọ̀kadà ló ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023 ni owó wébíìlì sì ti ń fa ìjà ju iye aṣọ fúnra rẹ̀ lọ.

Mi ò bínú sí káàdì ìdúpẹ́, àmọ́ ìyà ti jẹ mí lórí ọ̀rọ̀ ẹrù dídì yìí. Wọ́n fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan ránṣẹ́ sí mi rí, pépà aláràbarà ni wọ́n fi wé e, òdòdó wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo pupa ní búùtù. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti di àdìrẹ elépo. Màmá ní aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ lẹ́lùú gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kó tó wọ ọ̀rá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu, á sì máa rùn. Bí omi bá tún kàn án lọ́nà, aró rẹ̀ lè ràn mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá méjì, ká ta kókó sẹ́nu ti inú, ohun tó fọwọ́ sí nìyẹn. Ó ní lọ́fínńdà kì í dá omi dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òní ni àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo ohun tuntun n'Ìtòkú: ní 1936, àwọn aláró Abẹ́òkúta bá Aláké Ladapo Ademola fa ọ̀rọ̀ gidi nítorí òfin tó ka sódà àti aró òyìnbó léèwọ̀. Sódà ṣì wà n'Ìtòkú dòní.

Ká padà sí gáréèjì Kútọ̀. Àwọn kan níbẹ̀ sọ pé Òjótà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé ẹrù sí i. Àwọn míì ní irọ́ ni, ní Kútọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ yà á.

Ọmọbìnrin náà ya tirẹ̀. Dẹ́rẹ́bà gba ẹrù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin náà, ó wo ẹrù, ó sì kì í bọ abẹ́ àga rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi fọ́tò ẹrù ránṣẹ́ sí oníbàárà n'Ìbàdàn, pẹ̀lú sítíkà, pẹ̀lú pépà funfun, gbogbo rẹ̀ ń dán. Èsì dé kíá. Ó gbé fóònù sún mọ́ mi kí n kà á.

“Nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà dà?”