Afẹ́fẹ́ Inú Táyà Kẹ̀kẹ́ Eré Ìje

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ní oṣù August 2024, níbi ìdíje Olympic ní Paris, ọmọbìnrin Nàìjíríà, Ese Ukpeseraye, kò ní kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ fún ìje tí a fi í sí. Àwọn ará Jámánì ni ó yá a ní ọ̀kan, wọ́n ṣeun.

Bí a bá fi kẹ̀kẹ́ eré ìje ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ẹ ṣọ́ra. Ẹsẹ̀ òmíràn dí pa bí àwo, kò ní sípóòkì. Ẹnu pọ́ńpù wa kì í wọ ihò fáàfù rẹ̀, àfi kí a fi ọ̀pá kékeré tí a tẹ̀ lórí sí i. Bí rímù bá jìn, fáàfù gígùn ni ó ń fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì tín-ín-rín orí fáàfù náà. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá iye tí a kọ sára táyà, oòrùn Òkè-Ògùn pẹ̀lú yóò fi kún un. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà mọ́tò ńkọ́? Kí oníṣẹ́ tó ká ọwọ́ kúrò, túùbù lè ti bẹ́.