Kámẹ́rà ló ń kú lóru, bàbá ọlọ́dẹ ni wọ́n lé lọ

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìpàdé àti ọ̀rọ̀ ayẹyẹ ni ẹ máa ń retí lójú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan tí àwọn èèyàn wa ti ń ṣèpàdé nílùú yìí, a sì rí i pé kò yẹ ká dákẹ́. A ò ní dárúkọ gbọ̀ngàn náà, nítorí àwọn tó ni ín bẹ̀ wá, wọ́n sì ti ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra kámẹ́rà méje: mẹ́fà tó dúró sójú kan, àti ńlá kan tó ń yí orí kiri, tí wọ́n gbé sí àárín ọgbà. Ẹni tó bá wọn dè é ṣe iṣẹ́ náà fún ọjọ́ méjì, ó tan tẹlifíṣàn, àwọn àgbà rí ojú ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sanwó, ọkùnrin náà sì bá tirẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, olè wọlé lóru, ó gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n wo àwòrán, kámẹ́rà ẹnu géètì ti ṣú dùdù láti nǹkan bí aago méje alẹ́, kò sì là padà títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ta ló pa á? Ta ló máa ń wà lẹ́nu géètì? Bàbá ọlọ́dẹ ni. Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Wọn ò fà á fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀, wọn ò sì san owó oṣù tó ṣẹ́ kù fún un.

Ká sọ òótọ́, ibi tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àwa tí à ń gbé ìlú onílùú mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí nǹkan bá sọ nù ládùúgbò, tó jẹ́ pé ojú àlejò ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Bàbá náà kì í ṣe ọmọ Lọ́kọ́ja, kì í sì í ṣe Yorùbá.

Ọ̀kan nínú wa tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè: alẹ́ tó ṣáájú ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ńkọ́? Wọ́n wá ń wo ẹ̀yìn. Gbogbo alẹ́ tó wà nínú àpótí àwòrán ló rí bákan náà: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni kámẹ́rà ẹnu géètì ń kú, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ló ń jí. Ó kú lọ́jọ́ tí bàbá náà wà lẹ́nu iṣẹ́, ó kú lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tí bàbá náà gbàyè tí ọmọdékùnrin kan bá a dúró. Ohun tó ń pa á kò sí lẹ́nu géètì rárá. Inú ọ́fíìsì akọ̀wé ló wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ihò mẹ́jọ lójú, tí wáyà gbogbo kámẹ́rà já sí. Súwíìsì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí à ń tẹ̀ lára ògiri láti tanná o. Láyé àtijọ́, wáyà méjì ni kámẹ́rà ń lò, ọ̀kan fún àwòrán, ọ̀kan fún iná, tí a ó máa wá sọ́kẹ́ẹ̀tì kiri orí òrùlé. Láti 2003 ni àwọn tó ń ṣòfin fún irú ẹ̀rọ báyìí lágbàáyé ti fẹnu kò lórí ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní PoE: wáyà kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni yóò máa gbé àwòrán wá, òun náà ni yóò máa gbé iná lọ, iná tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí fólítì 48. Òfin àkọ́kọ́ yẹn fàyè gba wáàtì 15.4 lójú ihò kan. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2009 gbé e dé 30. Súwíìsì tó dára kì í sì í ṣàdédé da iná sí ohunkóhun tó bá rí. Á kọ́kọ́ fi iná díẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gbà á, kó tó tú u sílẹ̀. (Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà lọ́jà tí kì í yẹ nǹkan wò, wọ́n kàn ń da iná lọ ṣáá ni. Ẹ sá fún wọn, wọ́n lè jó ẹ̀rọ tí kì í ṣe irú wọn.)

Ó dáa, kí ló wá ń pa kámẹ́rà lóru? Ẹ bá wa ṣírò. Yàtọ̀ sí pé ihò kọ̀ọ̀kan ní iye tó lè fúnni, súwíìsì fúnra rẹ̀ ní àpapọ̀ iná tí kò lè kọjá, bí ìkòkò ọbẹ̀ ṣe ní iye abọ́ tó lè kún. Ti gbọ̀ngàn yìí, wáàtì 60 ni, wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ gbàgàdà-gbagada. Lọ́sàn-án, kámẹ́rà mẹ́fà tó dúró sójú kan ń mu bíi wáàtì mẹ́rin mẹ́rin, ìyẹn 24. Èyí tó ń yí orí ń mu 12. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 36, ìdẹ̀ra wà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan á tan iná tirẹ̀, iná tí ojú èèyàn kò lè rí, tí kámẹ́rà fi ń ríran nínú òkùnkùn. Àwọn mẹ́fà á wá máa mu méje méje, ìyẹn 42, ńlá yẹn á sì mu 22. Ó di 64. Súwíìsì kò lè fún wọn. Kí ló máa ṣe? Á gé ẹnì kan kúrò. Ẹni tó wà ní ihò tó kẹ́yìn ló sì sábà máa ń gé. Kámẹ́rà ẹnu géètì ló jìnnà jù, wáyà rẹ̀ ni wọ́n fà wọlé kẹ́yìn, ihò keje ni wọ́n kì í bọ̀. Bó ti ku òun, ó ku 57, àwọn yòókù ń yàwòrán koríko títí ilẹ̀ fi mọ́.

Wáàtì mẹ́rin péré ló lé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ bàbá kan.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ra súwíìsì mìíràn, tó lè fúnni ní wáàtì 120, tó sì jẹ́ irú èyí tó ṣeé darí. Ọ̀rọ̀ dídarí yìí ni a fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn bá lọ, nítorí owó tí wọ́n fi ń ra èyí tó ṣeé darí fi díẹ̀ lé ti èyí tí kò ṣeé darí, àwọn ará wa sì máa ń sọ pé kí la fẹ́ fi ṣe. Èyí tó ṣeé darí ní ojú ìwé tirẹ̀ tí ẹ lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Ẹ ó rí ihò kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, iye wáàtì tó ń mu lọ́wọ́lọ́wọ́, àti iye tó kù nínú ìkòkò. Ẹ ó lè sọ fún un pé ihò báyìí ni kó má gé láéláé, pé bí iná bá dín, ti ẹ̀yìn ilé ìdáná ni kó kọ́kọ́ gé. Bí kámẹ́rà kan bá sì dì gbagidi, tí àwòrán rẹ̀ kò yí mọ́, kò sí ẹni tí yóò gbé àkàbà: ẹ ó pa ihò rẹ̀ lójú ìwé yẹn, ẹ ó ka ogún, ẹ ó tún un ṣí, kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí súwíìsì fúnra rẹ̀ á máa pe kámẹ́rà lóòrèkóòrè, bí kò bá dáhùn, á pa á, á tún tàn án.

Ṣùgbọ́n súwíìsì tó dára jù lọ kò lè ṣàtúnṣe wáyà tí kò dára. Wáyà tó pọ̀ lọ́jà báyìí, àlùmíníọ́mù ló wà nínú rẹ̀, bàbà ni wọ́n kàn fi bò ó lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ó: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń jẹ iná lójú ọ̀nà, ó sì ń gbóná. Láti súwíìsì dé kámẹ́rà, kó má kọjá mítà 100.

Ibi tí ẹ máa gbé àpótí náà sí náà ṣe pàtàkì ní Lọ́kọ́ja wa yìí. Àwa tí òkè Patti wà lẹ́yìn wa, tí odò méjì pàdé níwájú wa, ẹ̀ẹ̀rùn wa kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá gbé súwíìsì sábẹ́ páànù gan-an, á yangbẹ. Bí ẹ bá sì gbé e sílẹ̀, ẹ rántí omi 2012, ẹ rántí ti 2022. Àárín ògiri ni kó wà, lókè ibi tí omi dé lọ́dún yẹn, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ fi ohun tó ń gba ààrá mọ́ ọn kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ri irin mọ́lẹ̀ fún un, nítorí wáyà tó bá jáde síta lọ ń ké sí mànàmáná ni.

Ní ti iná, a ti ṣírò rẹ̀. Wáàtì 64 fún kámẹ́rà àti bíi 15 fún àpótí àwòrán, láti aago méje alẹ́ dé mẹ́fà àárọ̀, kò ní tó 900 wáàtì-wákàtí. Bátìrì fólítì 12 kan tó jẹ́ 200, tí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀, ní 1,200. Bátìrì kan àti inverter kékeré lè gbé e mọ́jú. Súwíìsì nìkan lẹ máa so mọ́ ọn, gbogbo kámẹ́rà ti jẹun nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó bà wá lẹ́rù. Nígbà tí a béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà àpótí àwòrán ọjọ́ kìíní, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ìgbìmọ̀. Ọkùnrin tó dè é nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a rí i lórí fóònù, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan náà fún gbogbo ayé. Ní 2016, ètò olóró kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ilé bẹ́ẹ̀ kárí ayé, kìkì pé ó ń dán bí 60 irú ọ̀rọ̀ aṣínà bẹ́ẹ̀ wò. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àwọn ẹ̀rọ tó ti kó lẹ́rú ni wọ́n fi kọlu ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tí Twitter àti Netflix fi di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè ṣí fún wákàtí púpọ̀. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà. Èèyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ ni kó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹyọ kan. Súwíìsì tó ṣeé darí yóò sì jẹ́ kẹ́ ẹ ya ọ̀nà kámẹ́rà sọ́tọ̀ kúrò lára wáífáì tí àlejò ayẹyẹ ń lò.

Ẹ tún aago ẹ̀rọ náà ṣe pẹ̀lú. Ti gbọ̀ngàn yìí fi wákàtí kan lọ síwájú. Ìwé Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní ìpín 84, ti sọ ohun tó yẹ kí ohun tó jáde látinú kọ̀ǹpútà ní kí ilé ẹjọ́ tó gbà á. Agbẹjọ́rò olè yóò dunnú gan-an sí aago tó ń purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà láti 2023. Kámẹ́rà yín kò gbọdọ̀ máa wo àgbàlá ẹlòmíì, ẹ sì kọ ọ́ sára géètì pé kámẹ́rà wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn ará wa nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà ṣàdéhùn mílíọ̀nù 470 dọ́là fún ètò ààbò tí kámẹ́rà 2,000 wà nínú rẹ̀, fún Abuja àti Èkó. Àwọn aṣòfin ti béèrè lẹ́yìn náà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibi tí kámẹ́rà yẹn wọlé sí. A sì mọ̀ pé kámẹ́rà kì í dá ìbọn dúró. Ní oṣù kọkànlá 2025, nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku, ní Kwara tí kò jìnnà sí wa, kámẹ́rà ìjọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo ayé rí i. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ ẹni tó wọlé, àti ẹni tí kò ṣe é.

Àwọn àgbà gbọ̀ngàn náà ti pe bàbá ọlọ́dẹ. Àwọn méjì lọ bá a níbi tó wà, wọ́n kó owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Kò tètè dá wọn lóhùn. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí òun fẹ́: kí wọ́n fa wáyà kan láti ara súwíìsì yẹn wá sínú yàrá òun lẹ́nu géètì, kí wọ́n gbé tẹlifíṣàn kékeré kan síbẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí àwòrán bá tún kú lóru, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ihò kan ṣì ṣófo lára súwíìsì náà. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fẹnu kò lórí owó tẹlifíṣàn.