Ẹ̀kọ́ Ìlù ní Agboolé Àwọn Àyàn ní Ẹdẹ

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, ilé-ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ní lọ́kàn. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìlù dùndún nílé, àti ohun tí àwa akọ́mọlédè lè rí fà yọ níbẹ̀. Ẹdẹ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú náà lórúkọ nídìí ìlù. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti ọdún 1946 di 1975, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ń lu dùndún, ó sì kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní ọdún 1959.

Ọmọ àyàn kì í forúkọ sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Orúkọ rẹ̀, Àyánwálé tàbí Àyándélé, ti fi í sídìí iṣẹ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Gúdúgúdú tàbí omele ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́. Ìyáàlù ni ó ń gbẹ̀yìn, torí pé òun ni ó ń sọ̀rọ̀. Kò sí ọjọ́ orí tí wọ́n dá fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí etí rẹ̀ bá yá a ṣáájú. Ẹni tí kò tètè gbọ́ a pẹ́ nídìí omele, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó fìdí rẹmi. Olùkọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan: bàbá ni, ẹ̀gbọ́n ni, arúgbó tí kò lè jáde òde mọ́, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ṣì ń mú àṣìṣe láti inú yàrá, náà ni. Láti ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ kan náà lè lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀, kí ó sì kọ́ ìlù ní ìrọ̀lẹ́.

Ibi tí ó kàn wá gan-an nìyí. Ìlù kò ní kóńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Bí onílù bá lu 'owó', ohun kan náà ni ó lù fún 'ilé', 'ọwọ́' àti 'ọkọ́'. Nítorí náà, odidi gbólóhùn oríkì àti òwe ni ọmọ ń kọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí olùgbọ́ lè mọ èyí tí ìlù ń wí. Yóò kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́ kí ó tó fi kọ̀ǹgọ́ sọ ọ́. Bí ó bá ṣi ohùn, ẹni tí ó ń kì lè má mọ̀ pé òun ni, owó kò sì ní jáde.

Ẹ wá wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. A ní kí ó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí kò sí nínú gbólóhùn kankan. Ó ṣì í, a fún un ní òdo. Etí rẹ̀ gbọ́ ohùn dáadáa. Ọ̀nà tí a gbà bi í ni ó ṣàjèjì sí i. A kò sọ pé kí a pa àmì ohùn kíkọ tì (àwa náà kò ní gbà). Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìdánwò àfẹnusọ ní máàkì tirẹ̀, kí olùkọ́ sì máa ti inú gbólóhùn oríkì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹyọ. Olùkọ́ tí ó bá pe onílù wọ kíláàsì fún ìdajì wákàtí lè rí i pé ọmọ tí ó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ nawọ́.