Ẹrù kílò 4, owó kílò 20: páálí ló ń jẹ èrè yín!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ìjà lọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ fẹ́ dà. Èmi tí mò ń kọ ọ́ wà lórí ìlà lẹ́yìn obìnrin kan tó ń ta gèlè lórí fóònù. Ó gbé páálí kan wá sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù lọ sókè òkun. Gèlè mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti wé sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ọ́tò gèlè, téèyàn kàn máa dé bíi fìlà. Oníbàárà rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó fún ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù ló rà á. Ìyá yìí ti wọn ẹrù náà nílé, kílò 4 ni. Owó kílò 4 ló sì gbà lọ́wọ́ oníbàárà.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà fa téèpù yọ, ó wọn páálí, ó ṣe ìṣirò, ó ní, "Mà, owó kílò 20 ni."

"Kílò mélòó?" Ìyá ní kó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kílò 4 náà ni. "Ṣé ẹ rò pé ojú mi fọ́ ni?" Èrò ti ń pé lé wọn lórí.

Ká sọ òótọ́, ọmọ yẹn ò jalè. Ẹ̀bi tiẹ̀ ni pé kò ṣàlàyé.

Ẹ wo lọ́rì ná. Bí ẹ bá kó fóòmù kún un láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, ṣé awakọ̀ máa gba owó táṣẹ́rẹ́ nítorí pé fóòmù fúyẹ́? Kò jẹ́ gbà! Ẹ ti gba gbogbo àyè ọkọ̀ ẹ̀, kò ríbi kó àpò gààrí sí mọ́. Àyè inú bàálù tún wá wọ́n ju ti lọ́rì lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó, tí wọ́n á tún wo bó ṣe gbàyè tó. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n á gbowó lé lórí.

Ẹ mú téèpù aránṣọ, ẹ yí i sí ojú sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ ara wọn, kẹ́ ẹ fi 5,000 pín in. Kílò tí wọ́n máa kà sí yín lọ́rùn nìyẹn. Páálí ìyá wa jẹ́ 50 ní gígùn, 50 níbùú, 40 ní gíga. 50 lọ́nà 50 lọ́nà 40 jẹ́ 100,000. Ẹ fi 5,000 pín in, ó di 20. 5,000 yìí ni DHL ń lò. Àwọn akẹ́rù bàálù mìíràn ń fi 6,000 pín in, ìyẹn sì dín owó kù díẹ̀. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó dá iye fún oníbàárà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ẹrù kékeré tó ń gba orí ilẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí títí di ìparí 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015, nígbà tí FedEx àti UPS ní gbogbo páálí làwọn á máa wọ̀n báyìí.

Ká ní ìyá yẹn fi ọ̀bẹ gé sẹ̀ǹtímítà 10 péré kúrò lórí páálí rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ínǹṣì 4, gíga á di 30, owó á di ti kílò 15. Kílò 5 ti lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ lásán! Ká tún ní gèlè tí wọn ò tíì wé ni, tó ká a pẹlẹbẹ sínú ọ̀rá, tí ẹrù jẹ́ 40, 30 àti 10, kò ní ju owó kílò 4 tí òṣùwọ̀n sọ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ kó igbá kékeré sínú ńlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rán bàtà, ṣé dandan ni kí páálí bàtà bá bàtà lọ ni? Ẹ má sì jẹ́ kí páálí yọ ikùn, torí ibi tó yọ jù ni wọ́n ń fi téèpù kàn. Ẹni tó ń ta ọṣẹ dúdú kó fọkàn balẹ̀: ọṣẹ wúwo, páálí rẹ̀ kéré, òṣùwọ̀n ló máa sọ iye tiẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ta ìkòkò kó má torí owó fún un pa. Àfọ́kù ò ṣe é tà.

Ìyá onígèlè pe Lọ́ńdọ̀nù níṣojú wa. Oníbàárà ní iye táwọn jọ sọ lòun san, òun ò fi kọ́bọ̀ lé e. Ìnáwó sì ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń yọ pínnì, ó ń tú gèlè tó fi ọjọ́ mẹ́ta wé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ká a pẹlẹbẹ. Ó ní òun á ya fídíò bí wọ́n ṣe ń wé e, òun á fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.