Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́? Ìlàlóye Lórí Ọ́fíìsì Ètò Ẹ̀kọ́ Agbègbè Yín

Ọ̀pọ̀ òbí mọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn dunjú, wọ́n sì ń rí kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ́fíìsì tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni wọn kì í sábà yà sí, àfi bí wọ́n bá ń wá ìwé tíránsífà fún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí olùkọ́ kíláàsì kẹrin bá gba ìsinmi ìbímọ tí kò sí ẹni tí yóò dúró fún un, bí òrùlé bá ń jò, bí àwọn ọmọ bá ń parí kíláàsì kẹfà láì lè ka ìwé ìròyìn, ọ́fíìsì yìí ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn kó tó kan ẹnikẹ́ni ní sẹkitéríàtì.

Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́

Òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lo ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 ní gírámà kékeré, lọ́fẹ̀ẹ́. UBEC, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ló ń mú owó ìrànwọ́ wá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó fi lè jókòó sí Àbújá nígbà tí òjò ń pa àwọn ọmọ nínú kíláàsì. SUBEB, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń gba olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síṣẹ́, tó sì ń gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún kọngilá. Ní ìjọba ìbílẹ̀, ọ́fíìsì tí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ ń darí, ẹni tí àwọn olùkọ́ ń pè ní E.S., ló súnmọ́ kíláàsì jù lọ.

Èkó ní ọ̀nà tirẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ 6 ni wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí, Tutor-General kan sì ń darí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agége, Alímọ̀ṣọ́ àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè wà ní ẹkùn kìíní; Àgbádárìgì, Ọ̀jọ́, Àmùwò-Ọ̀dọ́fin àti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn wà ní ẹkùn karùn-ún. Òbí tó ń gbé Ọ̀jọ́ kò ní láti sáré lọ sí sẹkitéríàtì ní Aláùsá nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹkùn lè parí.

Ọ̀gá kì í dá ṣe é

Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ni wọ́n sábà ń sọ di hẹdimásítà. Ó lè ti kọ́ ọmọ fún ogún ọdún láì kọ ìwé ìnáwó rí, láì parí ìjà láàárín olùkọ́ méjì rí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni láti dá ọ̀gá tuntun lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n fi ẹni tó ti pẹ́ lórí oyè náà tì í lẹ́yìn, kí wọ́n sì máa bẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò yìí máa ń ba olùkọ́ lẹ́rù. Bí ọkọ̀ alábẹ̀wò bá ti yọ lẹ́nu géètì, kálukú á máa wá nóòtù ìkọ́ni rẹ̀ kiri. Àbẹ̀wò tó ń ran ni lọ́wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Alábẹ̀wò á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ. Olùkọ́ ń kọ́ wọn ní ìdajì àti ìdá mẹ́rin, ó ya búrẹ́dì sójú pátákó, ó pín in. Alábẹ̀wò rí i pé àwọn tó jókòó níwájú nìkan ló ń dáhùn, àti pé ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kàn ń da àwòrán náà kọ ni, kò mọ èyí tí í ṣe ìdá mẹ́rin nínú rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn méjèèjì á jọ jíròrò: kí olùkọ́ pín bébà fún wọn, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ká a, kí ó sì máa pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn lórúkọ. Alábẹ̀wò á tún padà wá wò ó. Èyí tó bá kan kọ kúérì sílẹ̀ tó gba ọ̀nà rẹ̀ lọ, epo ọkọ̀ ló fi ṣòfò.

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì, ọ̀nà kan

Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè ní olùkọ́ físíìsì tó dáńtọ́, kó má ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Èyí tó wà lódìkejì títì ní yàrá náà, eruku ló bo ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ọ̀gá kan kò láṣẹ lórí ilé-ẹ̀kọ́ ẹnìkejì. Ọ́fíìsì tó láṣẹ lórí méjèèjì ló lè so wọ́n pọ̀. Ó tún lè kó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ra jọ, kí olùkọ́ wọn máa pàdé, kí kálukú gbé àkòrí tí ọmọ rẹ̀ ń kùnà wá, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ fi han àwọn yòókù. Ìpàdé tí wọ́n kàn fi ń ka lẹ́tà SUBEB síni létí kò wúlò. Fóònù lè ṣe ìyẹn.

SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bá ọ̀gá mójú tó ilé-ẹ̀kọ́, náà wà. Ó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, nítorí aṣojú baálẹ̀, ìyálọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ti jáde níbẹ̀, títí dé akẹ́kọ̀ọ́, lè jókòó nínú rẹ̀. Bí káfíńtà bá wà níbẹ̀, páànù mẹ́ta tí ìjì ṣí kò ní dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn

Ẹ kọ́kọ́ rí olùkọ́ kíláàsì, kí ẹ tó rí ọ̀gá, kí ẹ tó lọ bá SBMC. Bí kò bá yanjú, ẹ kọ lẹ́tà sí E.S. tàbí ọ́fíìsì ẹkùn: orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kíláàsì, ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí èyí tí ẹ óò mú lọ sílé.

Ẹni tó bá gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lòdì sí òfin 2004 lè san ìtanràn tó tó ₦10,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà mú òbí tó kọ̀ láti rán ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́: ìbáwí ni nígbà àkọ́kọ́, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1, tàbí méjèèjì, nígbà kejì.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìfipábánilòpọ̀ tàbí lílù tó ṣe ọmọ léṣe, ẹ má tẹ̀lé ìpele wọ̀nyí rárá. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn kí ẹ tó wẹ̀ fún un tàbí fọ aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì wẹ́fẹ́à létí lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè mú ẹni náà kúrò láàárín àwọn ọmọ yòókù.